Àga Kan, Orúkọ Kan: Bí Àwọn Ìlú Kéékèèké Ṣe Ń Tún Àga Gbọ̀ngàn Eré Wọn Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti iye tí gààrì ń lọ, kì í sì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àga ni. Àga tí a ń jókòó lé wo eré nínú gbọ̀ngàn ìlú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ nínú wa, ẹ óò rántí ìgbà tí Ògúndé, Dúró Ládípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Baba Sàlá ń gbé eré káàkiri. Bí mọ́tò wọn bá ti wọ ìlú, tí gbohùngbohùn bá ti ń ké lórí rẹ̀, ọjà alẹ́ ọjọ́ náà a tètè túká. Gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ilé sinimá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Níbi tí àga kò bá sí, olúkúlùkù a gbé àpótí tirẹ̀ dání láti ilé. Níbi tí àga bá wà, àga gidi ni: ẹsẹ̀ irin, ìjókòó onígi tí ń ká sókè fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti dìde, tí yóò sì dún gbàà! Àwọn ọmọdé tilẹ̀ máa ń fi ṣeré títí ìyá wọn yóò fi gbá wọn létí.

Ibo ni àwọn àga wọ̀nyẹn wà lónìí? Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ìgbà náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn ti di ibi ìnáwó. Àga irin wà lẹ́yìnkùlé tí òjò ń pa á, bí kò bá jẹ́ pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ti kó o lọ ní kílò-kílò. Àga ike ló gba ipò rẹ̀. A kò bá àga ike jà o, ó ṣe tán, àwọn kan nínú wa ló ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó lórí rẹ̀ níbi ìpàdé láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́jọ mọ ohun tí ìbàdí òun sọ fún òun nígbà tó délé.

Àwọn ìlú kéékèèké wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ilé eré wọn ti gbó, àga ti ya, ìjọba kò dá wọn lóhùn. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dá rèé: wọn kò ní kí olówó kan wá tún gbogbo ilé ṣe. Wọ́n ka àga tó wà níbẹ̀, wọ́n ṣírò iye tí yóò tó láti tún ẹyọ kan ṣe, wọ́n sì pe ará ìlú pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan wá ṣe onígbọ̀wọ́ àga kan. Ẹni tó bá san owó àga kan, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sára bàbà pẹlẹbẹ kékeré, wọn á fi ìdè mọ́ apá àga náà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn kì í kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń kọ, tàbí ti olùkọ́ tó kọ́ ọ ní á-bí-dí. Kò ra àga náà o. Bùkátà àtúnṣe rẹ̀ ló gbé.

Ẹ jẹ́ ká tú àga kan palẹ̀ ká wò ó, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ló sì jẹ́ ọjà tí àwa náà ń tà.

Àga ilé eré àtijọ́ kì í dá dúró. Ìlà-ìlà ni wọ́n ń tò ó, àga méjì a sì jọ máa pín ẹsẹ̀ irin kan, bí ìsọ̀ méjì ṣe ń pín ògiri kan. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣẹ́, ènìyàn méjì ni kò ní ríbi jókòó. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni ẹsẹ̀ náà. Ó le, ṣùgbọ́n bí nǹkan tó wúwo bá já lù ú, fífọ́ ló máa ń fọ́ bí ìkòkò, kì í tẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o pọ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú un gbóná, kí wọ́n tún jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni yóò tún ti sán. Ohun mìíràn ni pé ilẹ̀ ilé eré máa ń dà wálẹ̀ sí apá ibi ìṣeré kí ará ẹ̀yìn lè ríran. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ṣe dà ni wọ́n ṣe ṣe ẹsẹ̀ àga. Ẹni tó bá lọ ra àga àlòkù gbọ̀ngàn mìíràn wá, tí kò wọn ilẹ̀ tirẹ̀, àga yóò máa tì í síwájú bí ẹni tó jókòó sórí òkè.

Àwọn ẹsẹ̀ tó wà ní orí ìlà, lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n máa ń ya òdòdó sí wọn lára. Lábẹ́ ìjókòó àwọn kan, wáyà wà tí wọ́n tẹ̀ róbótó. Àkẹtẹ̀ ni àwọn ọkùnrin òyìnbó ìgbà náà ń fi há ibẹ̀. Àwọn obìnrin wọn ń dé àkẹtẹ̀ gàgàrà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn kì í rí nǹkan kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé eré púpọ̀ fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wé gèlè bí òrùlé, ẹ gbọ́ o.

Ìjókòó tó ní tìmùtìmù ló gba iṣẹ́ jù. Nísàlẹ̀ pátápátá, sípíríǹgì ni. Lórí rẹ̀, aṣọ bíi ti àpò kòkó. Lórí ìyẹn, irun ẹṣin tàbí òwú. Lẹ́yìn náà ni awọ tàbí àrán. Irun ẹṣin kì í tètè bàjẹ́, wọ́n máa ń tú u, fọ̀ ọ́, sá a, kí wọ́n sì tún un lò. Lónìí fóòmù ni ọ̀pọ̀ ń fi dípò, ibẹ̀ sì ni ìrẹ́jẹ ti ń wọlé. Fóòmù fẹ́lẹ́ tí owó rẹ̀ dínkù, kí ọdún kan tó pé ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tó bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóòmù mọ èyí tí a ń sọ. Àrán náà, èyí tí ó fẹ́lẹ́ yóò pá lójú ibi tí ìdí bá ti ń há a. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún àga, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún bùbá.

A ní láti dárúkọ iná níbí, torí àwa ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ fóòmù kí a má rántí iná. Fóòmù tí wọn kò fi oògùn tó ń dènà iná sí máa ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Ní 30 December 1903, ilé eré Iroquois ní ìlú Chicago jó níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lọ́wọ́, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn obìnrin àti ọmọdé. Ilé náà kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí i. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní títì, àwọn kan kò ṣeé ṣí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a fi àga díẹ̀ kún ojú ọ̀nà kí owó lè wọlé sí i, ẹ má gbà.

Ọ̀dà náà ńkọ́? Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé nínú, òjé sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Wọn kì í fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Wọ́n á fi omi rẹ ẹ́, wọ́n á bo imú, wọ́n á sì lé àwọn ọmọ jìnnà. Kí wọ́n tó tú àga kankan rárá, wọ́n á ti fi nọ́ńbà sí ara gbogbo rẹ̀, títí kan bóòtì àti nọ́ọ̀tì, torí bí ìdajì bá ti sọnù, ibo ni a ó ti rí irú rẹ̀ rà? Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn àga wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ti kógbá sílé. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni American Seating ti ìlú Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1886. Àga ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí ti ilé eré.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tún àga ṣe kì í fẹ́ sọ síta. Àga àtijọ́ há. Ìdí àwọn ènìyàn ìgbà náà kò tóbi tó tiwa. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó gbà wá dáadáa, iye àga inú gbọ̀ngàn yóò dínkù, owó ìwọlé náà yóò sì dínkù. Olúkúlùkù ìlú ló ń yan èyí tó wù ú.

Ó yá, ìṣirò. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní gbọ̀ngàn kan ní àga 300. Ká ní iṣẹ́ káfíńtà, wẹ́dà, fóòmù, aṣọ, ọ̀dà àti bàbà orúkọ jẹ́ ₦50,000 lórí àga kan. Mílíọ̀nù 15 nìyẹn. Ẹ gbé mílíọ̀nù 15 síwájú ìpàdé, gbogbo ènìyàn á wo òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ₦50,000 síwájú ìlà aláta tí wọ́n jẹ́ mẹ́wàá: ₦5,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀ bí ẹni dá àjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, àga wọn ti délẹ̀. Iye yìí àpẹẹrẹ ni o, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé wa lọ bá káfíńtà jà.

Ẹni tó bá gbọ́n kì í sì í pe owó àga ní iye tó ná an gan-an. Bí ó bá ná ₦50,000, ₦60,000 ni wọn á pè é. Èyí tó lé yẹn ni wọn á fi tún èyí tí kò rí onígbọ̀wọ́ ṣe, òun náà ni wọn á sì fi rán aṣọ rẹ̀ nígbà tó bá tún ya. Àwọn tó gbàgbé èyí, àga wọn tún rí játijàti kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kejì lórí àga tó ti ní orúkọ ẹlòmíràn.

A fẹ́ràn ètò yìí ju lọ́ńṣìn lọ, a kò ní purọ́. Gbogbo wa ti dé ibi lọ́ńṣìn rí. Wọn á pe alága ọjọ́, alága á gba máíkì, á ní òun fi mílíọ̀nù méjì sílẹ̀, ìlù á dún, wọn á pàtẹ́wọ́, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí ìwé náà ni mílíọ̀nù méjì ṣì wà. Ti àga kò gba irú rẹ̀. Bí owó kò bá wọlé, bàbà kò ní dé ara àga, gbogbo ìlú á sì máa rí àga tó ṣófo orúkọ.

Ó tún ní ìdí mìíràn. Ẹ lọ wo òkúta ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú èyíkéyìí. Gómìnà ló ṣí i. Kọ́míṣọ́nnà wà níbẹ̀. Alága káńsù wà níbẹ̀. Ìyá tó dá owó lọ́jọ́ ọjà, tó gbé omi fún àwọn bíríkìlà, orúkọ rẹ̀ dà? Kò sí. Nínú ètò àga, orúkọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ àti orúkọ olóyè a máa wà nínú ìlà kan náà, bàbà kan náà, lẹ́tà kan náà. Àwọn ìlú kan lókè òkun máa ń pe àga iwájú ní owó ńlá, ti ẹ̀yìn ní owó kékeré. Tiwa ni pé kí iye kan ṣoṣo wà fún gbogbo rẹ̀, kí ẹgbẹ́ náà sì lè pawọ́ pọ̀ mú ẹyọ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó nìkan ni ìdáwójọ kọ́lé eré. Nígbà tí Gómìnà John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kú ní 1885, owó tí àwọn ènìyàn dá ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí rẹ̀, Glover Memorial Hall. Inú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní August 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní June 1944, nígbà tó ṣì wà níṣẹ́ ọlọ́pàá. Kí ni wọ́n sì ṣe eré náà fún? Láti fi wá owó kọ́ ilé ìjọsìn fún Church of the Lord. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni eré wa ti mọ ọ̀nà ìkówójọ.

Ti Ìgànmú yàtọ̀. Ìjọba ológun ló kọ́ Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-Èdè náà, tó ṣí ní 1976 kí FESTAC ti 1977 tó dé. Nígbà tó gbó, Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì ló tún un ṣe, wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè é ní 2024. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí báńkì tó ń bọ̀ wá tún gbọ̀ngàn ìlú kékeré ṣe. Ìlú Campbeltown ní Scotland mọ èyí. Ilé sinimá wọn ti wà láti 1913. Nígbà tó ń kú lọ, ará ìlú fúnra wọn ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ní 2014 wọ́n tì í fún àtúnṣe, ní December 2017 ó tún ṣí. Owó ìrànwọ́ ńlá wọlé fún wọn láti ìta, ṣùgbọ́n ká ní ará ìlú ti jẹ́ kó wó tẹ́lẹ̀, kí ni wọn ì bá fún ní ìrànwọ́?

Èyí tó wú wa lórí jù ni ti Haskell. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìdí-Ìrókò, tí ẹ ní ẹbí ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni ẹ máa mọ adùn ìtàn yìí. Ìlú méjì ni: Derby Line ní Vermont, Amẹ́ríkà, àti Stanstead ní Quebec, Kánádà. Ìyáàfin Martha Haskell àti ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé kan fún àwọn méjèèjì ní ìrántí ọkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ sórí ààlà. Ilé ìkàwé wà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn eré tó ní nǹkan bí 400 àga wà lókè. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn eré náà ní 1904. Ààlà gba àárín àga kọjá. Àwọn tó ń ṣeré wà ní Kánádà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò wọ́n wà ní Amẹ́ríkà. Ó lè jẹ́ pé tọkọtaya jókòó pọ̀, ọkọ wà ní orílẹ̀-èdè kan, ìyàwó wà ní èkejì. Ilẹ̀kùn àbáwọlé wà ní apá Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ará Kánádà kàn ń rìn yí igun ilé ni, ó wọlé, kò sí ẹni tó bi í ní pásípọ́ọ̀tù.

Ní March 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó tán. Láti October ọdún náà, ará Kánádà tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba ẹnu ibodè. Ẹ wò ó, àga tí bàbá rẹ ti ń jókòó lé, o kò lè dé ibẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé o kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Kí ni wọ́n ṣe? Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn, ní apá Kánádà, tí wọ́n fi ń sá àsálà bí iná bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà gidi. Wọ́n ké sí àwọn ènìyàn fún owó. Òǹkọ̀wé Louise Penny fún wọn ní 50,000 dọ́là Kánádà, àwọn mẹ̀kúnnù láti ibi gbogbo sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí kò tíì fojú kan ilé náà rí. Ilẹ̀kùn ni tiwọn, kì í ṣe àga, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni: kí ni àga wà fún bí ẹni tó ni ín kò bá lè wọlé?

Bí ìlú kan nílẹ̀ wa bá fẹ́ dán an wò, ìjà mẹ́ta la ti ń rí lókèèrè. Àkọ́kọ́, ẹnì kan á dé lọ́jọ́ eré, á ní kí ẹni tó jókòó dìde, òun ló ni àga, ṣé kò rí orúkọ ni? Kí wọ́n kọ ọ́ sórí risíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orúkọ nìkan ni, tíkẹ́ẹ̀tì ló ni ìjókòó. Èkejì, ọdún mélòó ni orúkọ yóò fi wà níbẹ̀? Àwọn kan ń sọ pé títí ayé, àwọn kan ń dá ọdún lé e. Kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀kẹta ni bàbà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ mọ iye tí bàbà ń lọ ní kílò. Bí wọ́n bá fi ìdè méjì lásán kàn án mọ́ra, olè á tú u lóru. Ó sàn kí wọ́n jó orúkọ náà mọ́ igi àga, tàbí kí wọ́n de bóòtì rẹ̀ láti inú.

Ìwé kan tún gbọ́dọ̀ wà tí gbogbo ènìyàn lè ṣí wò: nọ́ńbà àga, ẹni tó san, iye tó san, ọjọ́ tó san, ọjọ́ tí àga parí. Kí kọmití tún àga ogún ṣe ná kí wọ́n gbé e síta fún aráyé rí, kí wọ́n tó tú ogún mìíràn. Ibi tí wọ́n bá ti tú gbogbo 300 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí owó wá tán, gbọ̀ngàn á di ilé tó ṣófo, a ó sì tún padà sórí àga ike.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí àga irin àtijọ́ wà ní ìlú yín, ì báà jẹ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ì báà jẹ́ nínú yàrá káńsù tí wọ́n tì pa, ẹ bá wa kà wọ́n. Ẹ wo iye tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé, iye tí igi rẹ̀ kò tíì jẹrà, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ rán ọmọ ilé-ìwé.